Bí Èmi àti Àna Mi Ṣe Làágùn Lórí Òkè Ọyẹ́

Ẹ̀yin ará Ìjádò, ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbọ́mọ pọ̀n, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé kò sí ọ̀nà tó le, mo kí yín o, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Èmi ni Ọdẹ́yínká, ọmọ bíbí ìlú Ìjádò yìí, ọdẹ tó wọ igbó tí kò lórúkọ tó sì jáde pẹ̀lú ojú àti etí rẹ̀, ẹni tí ẹfọ̀n lé gun igi tó sì sùn sórí igi náà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi ìyá ìyàwó mi. Wọ́n ń bẹ láàyè, ẹnu wọn sì mú ju tèmi lọ.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ mi ti súnmọ́lé, ṣùgbọ́n ọmọ inú rẹ̀ kọ̀ láti yí orí sísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn agbẹ̀bí yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo wọn ní ẹsẹ̀ lọmọ náà fẹ́ fi wáyé, pé ọwọ́ kan ṣoṣo tí àwọn mọ̀ tó máa ń gba irú rẹ̀ láìséwu ni ọwọ́ Ìyá Àwẹ̀ró, ìyá tó bí ìyàwó mi, tí wọ́n ń gbé ní Ìsàlẹ̀-Ìrì, lẹ́yìn Òkè Ọyẹ́. Bí n kò bá tètè mú wọn dé, ọmọ lè bọ́ lọ́wọ́ wa, ìyá rẹ̀ náà lè bá a lọ. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ènìyàn mi, irú ẹ̀rù tí ẹkùn kò dá bà mí rí.

Òkè Ọyẹ́ kì í ṣe òkè lásán. Ibẹ̀ ni ọyẹ́ ń gbé nígbà tí kò bá sí nílùú wa, ibẹ̀ ló ń sùn, tó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń sọ ìrì di yìnyín lórí ewé. Mo gbé ọkọ̀ oníbátìrì mi, ọkọ̀ tí kì í mu epo, tí kì í pariwo, tó lè dé ẹ̀yìn ẹran kí ẹran tó gbọ́, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ní àlọ, èmi nìkan ni. Mo wọ ẹ̀wù ọdẹ lé ẹ̀wù ọdẹ, n kò tan híítà, ọkọ̀ sì gbé mi dé Ìsàlẹ̀-Ìrì wọ́ọ́rọ́wọ́. A ṣáàjì bátìrì níbẹ̀ títí ó fi kún, Ìyá Àwẹ̀ró gbé àpò wọn, a gbéra láàárọ̀.

Àbọ̀ ni wàhálà. Ṣé ẹ mọ̀ pé àna ni mo gbé? Ìyá tó fún mi láya, tí mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún lójú gbogbo ayé, ṣé inú ọkọ̀ mi ni òtútù yóò ti mú wọn? Mo tún ro ti ọwọ́ wọn, nítorí ọwọ́ tó bá le gbagidi nítorí òtútù kò lè gbẹ̀bí. Mo bá yí híítà dé òpin, mo tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, eré dé! Kò pẹ́ tí inú ọkọ̀ fi gbóná bí ààrò. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi wọ inú ṣòkòtò, ṣùgbọ́n mo ní níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti tẹ́ àna mi lọ́rùn, n ó fara dà á.

"Ìyá mi, ṣé ooru yìí tó?"

"Ó tó dáadáa, àna mi. Ẹ ṣeun, ẹ óò jèrè ọmọ."

Bẹ́ẹ̀ ni híítà ń jẹ bátìrì, òtútù ń jẹ ẹ́, atẹ́gùn ọyẹ́ tó ń kọjú ìjà sí eré mi ń jẹ èyí tó kù. Nígbà tí mo wo géèjì, àyà mi já. Ní àlọ, mo ti bá Òjìjí pàdé nínú adágún rẹ̀, ẹja tó ń gbé mànàmáná sára, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò fún mi ní iná tí mo bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n adágún ọ̀hún ṣì jìnnà, iná tó kù kò lè gbé wa débẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Ọ̀yà kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀yà orí òkè yẹn kò rí bíi tiwa, irun rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀. Ó juwọ́, mo dúró.

"Bàbá ọdẹ, ẹ kú ewu ọ̀nà," ló wí. Ó yọjú wo inú ọkọ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Kí lẹ̀ ń ṣe báyìí? Èmi ń gbọ̀n níta, ẹ̀yin ń làágùn nínú ọkọ̀! Ẹ wo gèlè ìyá bó ṣe tutù rinrin."

Mo bojú wẹ̀yìn. Lóòótọ́, òógùn ń kán ní àgbọ̀n ìyá ìyàwó mi.

"Ìyá mi, ṣé ooru ń mú yín ni?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!" ni wọ́n dáhùn. "Mo rò pé ẹ̀yin lòtútù ń mú ni. Ṣé kí n wá sọ fún àna mi pé kí wọ́n máa gbọ̀n ni?"

Ẹ̀rín pa wá, ojú sì tì wá.

"Ẹ pa híítà," ni Ọ̀yà wí. "Ara ni kí ẹ mú gbóná, ẹ fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀. N ó jókòó sórí itan ìyá, wọn óò ki ọwọ́ wọn bọ irun mi. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ìbọn yín kò gbọdọ̀ kọjú sí ìran mi mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, ẹ mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ẹran ọ̀yà tó. Mo gbé itọ́ mì, mo búra.

Mo pa híítà, mo tan kìkì iná tó ń mú ìjókòó ìyá gbóná, wọ́n fi aṣọ òfì bo ẹsẹ̀ wọn, Ọ̀yà ká sórí itan wọn. Mo dín eré kù, mo ń rìn bí ẹni tó ń tọpa ẹran, n kò tẹ bíréèkì lójijì. Géèjì tó ń já wálẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń rọra sọ̀. Bíńtín ló kù tí a fi dé adágún.

Òjìjí yọrí. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣí fìlà. "Òjìjí, ọba inú omi, ẹ kú òtútù, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ìyàwó..."

"Bàbá, ẹ dákẹ́ ná!" ni Òjìjí wí. "Bátìrì yín ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ nítorí ìrìn tó rìn. Kí ẹ tó kí mi tán, yóò ti tutù, bátìrì tó bá sì tutù kì í tètè gba iná. Ẹ ju wáyà sómi!"

Mo ju wáyà sómi. Ó gbá a mú, omi hó, iná wọlé ṣùù. Nígbà tí n ó fi kí i tán, bátìrì ti kún.

Láti ibẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, òkè ń tì wá lọ, bí táyà sì ti ń yí ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń dá iná padà sínú bátìrì. Ọyẹ́ ń fẹ́ lẹ́yìn wa lásán! Mò ń sun ìjálá, ìyá ń gbè é, Ọ̀yà ń pàtẹ́wọ́. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí a wọ Ìjádò, iná sì ṣẹ́kù!

Ìyá Àwẹ̀ró sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ wọn gbóná, ó rọ̀, wọ́n wọlé tọ Mọ́rẹ́nikẹ́. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbá Ọ̀yà mọ́ àyà, àwa méjèèjì ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe òtútù. Nígbà tó yá, a gbọ́ igbe. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, ọwọ́ gbígbóná gbà á, orí tẹ̀lé e; ọmọ yè, ìyá yè! Ìgè lorúkọ tó mú tọ̀run wá. Mo sunkún, mo jó, mo yìnbọn sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹni tó bá máa rìn jìnnà nínú òtútù, kó mú ara gbóná, kó rọra tẹ ọkọ̀, kó sì gba iná nígbà tí bátìrì bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ sọ ohun tó bá ń ṣe yín fún ara yín, nítorí díẹ̀ ló kù kí ọ̀wọ̀ tí èmi àti àna mi bù fún ara wa pa Ìgè. Òun rèé níbẹ̀ yẹn, tó ń lé Ọ̀yà káàkiri àgbàlá: bí òtútù bá mú un, á ké, bí ooru bá mú un, á ké, inú mi a sì máa dùn sí igbe rẹ̀. Ó yá, ẹ dìde, ẹ máa lọ. Kí iná yín má kú sójú ọ̀nà, kí ẹ bá ayọ̀ nílé.