Ìbíwùmí àti Ètò Àtijọ́ Tó Mọ́ Ọn Lọ́wọ́

Ọwọ́ kì í fẹ́ kọ ohun tó ti mọ́ ọn lára; ẹsẹ̀ ni í kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀nà ti dí. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi kí Ìbíwùmí, ọmọ Ọ̀jẹ́ládé, ará Ìkìrun, ní ọjọ́ tí ó ń káwọ́ lérí pé irinṣẹ́ òun ti darúgbó mọ́ òun lọ́wọ́.

Iṣẹ́ fíìmù ni Ìbíwùmí ń ṣe. Bí àwọn òṣèré bá ti ya àwòrán tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá, kí ó gé e, kí ó tò ó, kí ó fi ohùn àti orin sí i, títí yóò fi di ohun tí ènìyàn lè jókòó wò. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni ó fi lo ètò kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára àwòrán. Àwọn ìka rẹ̀ ni wọ́n ń wá bọ́tìnnì fúnra wọn.

Àwọn kámẹ́rà tuntun wá dé, ètò àtijọ́ náà kò sì lè ka àwòrán wọn. Èyí tó bá kà pàápàá, á máa wọ́ bí ìgbín, á sì dákú lójijì. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ wọn lọ sí Òṣogbo. Ní ọjọ́ kan, Bàbá Adéoṣùn, àgbà òṣèré tó ti ń gbé iṣẹ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, gbé fíìmù kan wá. Ó ní òun kò ní í ṣe òmíràn mọ́, nítorí ojú òun ti ń ṣú. Kí ó bá òun tètè parí rẹ̀, kí òun lè fi ojú ara òun wò ó. Ètò àtijọ́ kò ṣí ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ní kí ó pààrọ̀ ètò náà sí tuntun. Ẹ̀rù bà á. Tuntun kì í ka iṣẹ́ tí a ṣe sínú ti àtijọ́, iṣẹ́ tó lé ní ọgbọ̀n, tó ku díẹ̀ kó parí, sì wà níbẹ̀. Ohun kan tún wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, Tẹ̀míladé, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ti sọ fún un pé kí wọ́n pààrọ̀ ètò yìí. Ìbíwùmí pè é ní aláfojúdi, ó sì lé e. Tẹ̀míladé ti ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Ìrágbìjí báyìí.

Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí mi ni Ìbíwùmí gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Olórìṣà ni ìyá mi, owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ni ó fi ń wo nǹkan. Gbọ́lágadé bá Ìbíwùmí wá. Ọ̀gá kan náà ni ó kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́, ètò kan náà ni wọ́n sì ń lò. Mo wà níbẹ̀. Ìyá mi da ẹyọ sórí atẹ, mẹ́sàn-án ṣíjú, ó ní odù Ọ̀sá ni.

Ó ní, “Ẹ ó kó kúrò nílé tí ẹ ń gbé, ilé tuntun yóò sì gbà yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó lọ tí kò kọ́kọ́ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ìhòòhò ni yóò dé ibi tó ń lọ. Ẹbọ ni kí ẹ rú. Ẹyẹlé méjì méjì, obì àti àkàrà. Kí ẹ ti ilé iṣẹ́ yín fún ọjọ́ méje, kí ẹ parí gbogbo iṣẹ́ àtijọ́, kí ẹ kó wọn jáde fún àwọn tó ni wọ́n, kí ẹ sì fi ẹ̀dà wọn pamọ́ síbòmíràn. Èyí tó le jù nínú rẹ̀ ni pé kí ẹ lọ jókòó lọ́dọ̀ ẹni tó mọ tuntun yẹn, bó ti wù kí ó kéré sí yín tó, kí ó kọ́ yín.”

Gbọ́lágadé rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ṣé kọ̀ǹpútà ń jẹ ẹyẹlé ni?”

“Kọ̀ǹpútà kì í jẹ ẹyẹlé. Orí ẹni tó ń lò ó ni a ń bọ.”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Èmi kì í ṣe ẹni tí ọmọdé yóò máa kọ́ níṣẹ́.” Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó jáde.

Ìbíwùmí kò dìde. Ó ní, “Ìyá, ọmọ tí mo lé ni ó mọ̀ ọ́n.”

“Mo gbọ́.”

“Ojú ń tì mí.”

Ìyá mi ní, “Kó ìtìjú náà mọ́ ẹbọ. Rú u.”

Ìbíwùmí rú ẹbọ. Ó ti ilé iṣẹ́ rẹ̀. Fíìmù kan tẹ̀ lé òmíràn, ó parí wọn, ó kó wọn jáde, ó sì ń pe àwọn tó ni wọ́n kí wọ́n wá gbà wọ́n. Àwọn ará àdúgbò rò pé ó ti fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Àwọn kan tilẹ̀ wá bá a kẹ́dùn. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó wọkọ̀ lọ sí Ìrágbìjí.

Tẹ̀míladé rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. “Ọ̀gá mi, ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí o?”

“Ó wà. Òótọ́ ni o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo ṣì ọ́ lóye. Mo wá kọ́ṣẹ́.”

Tẹ̀míladé dìde, ó mú un wọlé. Ó fa àga kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

Kò rọrùn. Ìka Ìbíwùmí ń lọ síbi tí bọ́tìnnì kò sí mọ́. Iṣẹ́ tí ó máa ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan wá ń gbà á ní òwúrọ̀ odindi. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ti máòsì sẹ́yìn, omi sì lé ròrò sí ojú rẹ̀.

“Ọwọ́ mi ti kú, Tẹ̀míladé.”

“Kò kú, Ọ̀gá mi. Nígbà tí èmi sunkún báyìí lọ́dọ̀ yín, ẹ ò bẹ̀ mí. Ẹ ní kí n tún un ṣe.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ tún un ṣe.”

Ìbíwùmí nu ojú, ó tún un ṣe. Ó ṣì í, ó tún un ṣe. Nígbà tí oṣù náà fi máa parí, ọwọ́ rẹ̀ ti ń yá. Ó parí fíìmù Bàbá Adéoṣùn. Bàbá náà sún mọ́ gíláàsì kọ̀ǹpútà tó bẹ́ẹ̀ tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò mira. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ní, “Mo rí i. Mo rí gbogbo rẹ̀.”

Gbọ́lágadé ńkọ́? Ọjọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá mi gan-an ni ó pa ètò àtijọ́ rẹ́, òun àti ohun tó wà nínú rẹ̀, kí àyè lè gba tuntun. Tuntun wọlé, ó dán, ó yára. Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ àtijọ́ kan tó lè ṣí mọ́. Fíìmù tí àwọn òṣèré kan fi ọdún méjì yà, tí ó ku díẹ̀ kó parí, wà nínú wọn. Ó ti tò púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì fi ẹ̀dà kankan pamọ́. Gbogbo ìtòpọ̀ rẹ̀ ló ṣòfò. Àwọn tó ni ín gbé àwòrán tó kù lọ bá Ìbíwùmí, àwọn oníbàárà mìíràn sì ń tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Gbọ́lágadé padà wá sọ́dọ̀ ìyá mi. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó béèrè bóyá òun ṣì lè rú ẹbọ náà.

Ìyá mi ní, “O lè rú ti ohun tó wà níwájú. Ti ohun tó ti lọ, ẹbọ kì í mú un padà.”

Ìbíwùmí gbọ́ rírú ẹbọ, ó rú u. Iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olórìṣà rẹ̀, olórìṣà rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òrìṣà. Gbọ́lágadé fi ẹbọ ṣe yẹ̀yẹ́, ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí ó ti tò rẹ́. Àbámọ̀ ni í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.