Ibi Tó Yẹ Bàbá Láti Jókòó Jẹun

Ọkùnrin kan wà ní ìlú òkèèrè, ọmọ ilẹ̀ wa ni, àkọ́bí bàbá rẹ̀ sì ni. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá lọ́hùn-ún láìfojú kan bàbá náà. Nígbà tí nǹkan wá rọrùn fún un díẹ̀, ó ránṣẹ́ sílé pé kí bàbá wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ òun. Bàbá náà wá. Àgbàlagbà tí kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu ni.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, lẹ́yìn tí wọ́n ti dì mọ́ra, tí ọmọ ti dọ̀bálẹ̀ tán láàárín àwọn òyìnbó, bàbá fà á mọ́ra, ó ní, "Àkàngbé, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé wá fún ọ. Ìwọ nìkan ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ibi jókòó jẹun ná."

Má rẹ́rìn-ín. Nínú ilé tí wọ́n ti wá, bàbá kì í fi ìdúró sọ ọ̀rọ̀ ńlá fún ọmọ. Wọn a jọ jẹun, wọn a fọwọ́, wọn a mumi, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn a dìde, nígbà náà ni bàbá yóò tó la ẹnu. Ẹ̀yin èwe òde òní máa ń pa á lówe lásán pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òfin ni lọ́dọ̀ àwọn ará ilé yẹn. Ọmọ náà mọ òfin yìí dáadáa. Mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n gan-an ló kó bá a, nítorí ó rò ó pé bí ọ̀rọ̀ bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ibi tí wọ́n ti máa jẹun kí wọ́n tó sọ ọ́ náà tóbi.

Kò sí àyè nílé rẹ̀. Ìdájí ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ ń wọlé, àwọn ọmọ kún pálọ̀, kálukú ń jẹun nígbà tó bá ráyè. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá báyìí. Ó wá gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta, ó ní òun yóò kó gbogbo wọn lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan tí àwọn ará ìlú yẹn máa ń kó ìdílé wọn lọ. Ó ní, "Bàbá, ibẹ̀ la ti máa jókòó jẹun, àwa méjèèjì péré. Ibẹ̀ lẹ ti máa bá mi sọ̀rọ̀ yín."

Bàbá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọgbà náà tóbi ju ìlú tí wọ́n ti bí bàbá lọ. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀ tó ń gbé ènìyàn sókè tó sì ń dojú wọn délẹ̀, tí wọ́n á máa pariwo, tí wọ́n bá sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tún lọ tò fún un. Ilé oúnjẹ inú rẹ̀ lé ní ogójì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kìn-ín-ní, ìyàwó kó àwọn ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ, ó fi bàbá àti ọmọ sílẹ̀ fún ara wọn. Obìnrin ọlọ́gbọ́n ni. Àwọn méjèèjì kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi dé abẹ́ igi kan létí adágún omi. Ìyá arúgbó kan ń ta adìyẹ sísun àti ọ̀dùnkún níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì onígi mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kankan lórí mẹ́ta nínú wọn. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí omi. Bàbá dúró, ó wò yíká, ó ní, "Ibí yìí náà kò burú."

Yorùbá ni ìwọ náà. O mọ ohun tí àgbàlagbà ń wí tó bá ní ibì kan kò burú. Ó ti yàn án tán nìyẹn, kò kàn fẹ́ pàṣẹ fún ọmọ nílé ọmọ ni. Ọmọ yìí náà ì bá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ti dí i létí.

Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Kí n gbé ẹ̀yin jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀? Kí ni mo máa sọ fún àwọn ará ilé? Ẹ jẹ́ ká wá ibi tó yẹ yín."

Bàbá ní, "Ibi tí o bá mú wa lọ náà ni."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọmọ ń wo fóònù, ó ń ka ohun tí àwọn tó ti jẹun síwájú kọ nípa ilé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní ẹran ibí yìí le. Ẹlòmíràn ní àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá lọ́hùn-ún kò lọ́yàyà. Ibi kẹta dára, ṣùgbọ́n àwọn tó tò síbẹ̀ ti yí ilé po. Ibi kẹrin, wọ́n ní ó yẹ kó ti gba àyè sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Oòrùn yẹ̀ lórí. Ìyàwó pè é pé àwọn ọmọ ti sọ̀, wọ́n ń wá bàbá wọn. Ọkùnrin náà yára ra búrẹ́dì ẹlẹ́ran méjì lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní ìdúró. Bàbá jẹ ìdajì, ó fi bébà wé èyí tó kù.

Kí wọ́n tó jáde ní ọjọ́ kejì, ọmọ ti fi fóònù gba àyè sí ilé oúnjẹ tí wọ́n ń yìn jù nínú gbogbo ọgbà náà. Oúnjẹ ibẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lọ síbẹ̀ ni pé àwọn kan máa ń gbé agọ̀ ẹranko wọ̀, wọ́n á máa ti ìdí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á máa dì mọ́ àwọn tó ń jẹun. Ehoro kan tó ga ju ilẹ̀kùn lọ wá gbé apá lé bàbá lọ́rùn. Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Eégún ilé ta lèyí? Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé bàbá ń jẹ ayé.

Wọ́n jẹun tán. Bàbá da omi inú ife rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí ìka rẹ̀ sínú àwo, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mu ìyókù, ó wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Àkàngbé, ní ọdún tí ìyá rẹ kú..."

Nígbà náà ni wọ́n lu agogo. Ọmọdé kan ń ṣe ọjọ́ ìbí ní tábìlì ẹ̀yìn wọn. Gbogbo ilé bú sórin, ẹ̀rọ orin ń mi ife lórí tábìlì, ehoro sì tún padà dé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ya fọ́tò. Ọmọ na ọrùn síwájú, ó ń kígbe pé, "Kí lẹ wí, Bàbá? N ò gbọ́!" Bàbá mirí. Ó dúró kí ariwo náà rọlẹ̀, kò rọlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo rẹ̀." Wọ́n dìde.

Ìtìjú mú ọkùnrin náà. Ó pinnu pé lọ́jọ́ kẹta, ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni àwọn máa lọ. Ó rí ọ̀kan lórí ilé gogoro kan láàárín ọgbà náà. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àyè tó kù. Ó gbà á.

Nígbà tí wọ́n ń lọ síbẹ̀, ebi ti ń pa bàbá. Ọ̀nà mú wọn gba abẹ́ igi náà kọjá, bàbá kò sì ní kí ẹnì kan fún òun láyè lọ́tẹ̀ yìí. Ó lọ jókòó. Ó fi ọwọ́ tẹ bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ó rẹ̀ mí díẹ̀. Jókòó."

Ọmọ wo aago. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Tá a bá pẹ́, wọ́n á fún ẹlòmíràn láyè wa. Ibi tí à ń lọ yìí, ẹ ó rí i, ọba ló ń jókòó síbẹ̀."

Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ó dìde, ó tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ dákẹ́ lóòótọ́. Ohun tí ọmọ kò kà dé lórí fóònù ni pé ilé náà ń yí, díẹ̀díẹ̀, kí àwọn tó ń jẹun lè rí gbogbo ọgbà. Kí oúnjẹ tó dé ni òòyì ti kọ́ bàbá. Ó di etí tábìlì mú, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n mú òun sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe kúrò nínú ọgbà náà nìyẹn. Nínú ọkọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ sùn lé bàbá lẹ́sẹ̀, ìyàwó jókòó síwájú. Kò sí ibi tí ẹni méjì ti lè dá sọ̀rọ̀.

Ìsinmi tán. Iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ tí bàbá ń padà sílé, ọmọ dì í lọ́wọ́ mú níwájú ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó ní, "Bàbá, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi níbí." Bàbá wo èrò tó ń ti ara wọn, ó ní, "A kì í fi ìdúró sọ ọ́. Tí o bá wálé lọ́dún, màá sọ ọ́ fún ọ. N kò ní gbàgbé." Lẹ́yìn náà ọmọ pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú fóònù.

Ní oṣù kẹrin tí bàbá délé, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ahọ́n náà sì wúwo.

Ọmọ wálé. Kò dúró de ìparí ọdún mọ́. Ó fi ṣíbí fún bàbá rẹ̀ ní ògì, ó bomi sí i lọ́wọ́, ó nù ún gbẹ, ó fún un lómi mu. Ó ní kí gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá bọ́ síta. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú bàbá mọ́lẹ̀, ó mọ ohun tí ọmọ ń bèèrè. Ó la ẹnu. Ohùn jáde, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó tún gbìyànjú, òógùn bò ó níwájú orí. Nígbà tó pẹ́, ẹkún ló kù. Ọmọ gbé orí lé e láyà, ó ń sọ pé, "Ó tó, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ó tó."

Ó bi àbúrò bàbá léèrè, ó bi pásítọ̀ wọn, ó bi ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣoko. Bàbá kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, nítorí àkọ́bí ló ni ín. Wọ́n sin bàbá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Títí di òní, ọkùnrin náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí ìyá rẹ̀ kú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ohun kan ló ń tún sọ ṣáá, pé, "Bàbá sọ fún mi pé ibẹ̀ kò burú. Lẹ́nu wọn ni mo ti gbọ́ ọ." Mo wá ọ̀rọ̀ ìtùnú fún un, n kò rí. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe, ká má tiẹ̀ sọ èmi.

N kò pè é ní ọmọ burúkú. Ọmọ burúkú kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu pé òun ń wá ibi tó yẹ bàbá òun. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìfẹ́ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀, ìfẹ́ náà ni kò sì jẹ́ kó jókòó.

Ìwọ wá sọ́dọ̀ mi lónìí, o ní kí n bá ọ wá òtẹ́ẹ̀lì tó dára, níbi tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ lè ti jẹun kí ẹ sì parí ìjà ọdún mẹ́ta. O ní ti àkọ́kọ́ kéré jù fún ipò rẹ̀. O ní ariwo jẹnẹrétọ̀ pọ̀ ní ti ìkejì. O ní èyí tí ọkàn rẹ fẹ́, wọn kò ní ní àyè títí di oṣù tó ń bọ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò sì bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti ránṣẹ́ sí ọ pé kí o yà sọ́dọ̀ òun, o sì ń dá a lóhùn pé ilé kọ́ ló yẹ kí ẹ ti sọ ọ́. Ta ló sọ fún ọ pé kò yẹ? Ǹjẹ́ òun ló sọ ọ́?

Òpópónà kejì sí ibí ló ń gbé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ń bá ẹni tó ń gbé omi wá fún wọn jiyàn lẹ́nu ọ̀nà, ohùn náà ṣì le koko, ahọ́n rẹ̀ kò tíì wúwo. Dìde, kí o lọ bá a. Ohunkóhun tó bá wà nínú ìkòkò rẹ̀, ẹ jọ jẹ ẹ́.