Afárá Inú Orí Ìyá Erin

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra gbì, ó rìn, ó rìn, ó kan Ìyá Erin, ó kan Àdùbí ọmọ rẹ̀, ó kan àwọn ìjàlọ tí ń gbé inú orí.

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, ìjàlọ ń gbé inú orí gbogbo ẹ̀dá. Àwọn ni wọ́n ń mú ọ̀rọ̀ kọjá. Bí ọ̀rọ̀ bá dé etí odò kékeré tó wà nínú orí, ìjàlọ á so ẹsẹ̀ kọ́ra, wọn á di afárá. Ọ̀rọ̀ á gba orí wọn kọjá.

Ọ̀dá dá. Ilẹ̀ là. Odò gbogbo gbẹ. Ìyá Erin nìkan ló mọ ọ̀nà odò tí kì í gbẹ. Àdùbí sì ń tọ́ Akínlàbí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ọyàn rẹ̀ ti ń gbẹ. Wọ́n gbéra. Ìyá ṣíwájú.

Lọ́jọ́ kìíní, Ìyá jẹ ewé yó. Ó ní, "Àdùbí, ṣé a ò ní jẹun ni?"

Àdùbí pariwo: "Ìyá! Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán!"

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá fi eruku wẹ̀ tán, ó tún padà lọ wẹ̀. Àdùbí pariwo ju tàná lọ: "Ìyá! Ẹ ti wẹ̀!"

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n dé oríta. Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àdùbí, níbo là ń lọ?"

Àdùbí bojú wẹ̀yìn. Ó wo ọmọ rẹ̀, ètè ọmọ ti bó. Ó ké títí ewé fi ń já bọ́ lórí igi: "Ìyá! Odò dà?"

Ìjàlọ kan yọ orí létí Ìyá.

"Aláriwo wo nìyí? Ìwọ lo ń gbọ̀n wá bọ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Kí ló ṣe ìyá mi?"

"Àwọn kan nínú wa ti já bọ́. Àwa tó kù na ẹsẹ̀ gan-an, ẹnì kan ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Bí o bá tún pariwo, òmíràn á bọ́."

"Àwọn tó bọ́ ńkọ́, ṣé wọn ó padà?"

"Wọn ò ní padà. Ṣùgbọ́n afárá àtijọ́ ṣì le, ibẹ̀ la pọ̀ sí. Mú ohun àtijọ́ wá. Kí o sì rọra."

Àdùbí rẹ ohùn sílẹ̀. Ó dá orin tí Ìyá fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní kékeré. Ẹ bá mi gbè é:

Odò wo là ń lọ?
Rọra tẹ̀ ẹ́.
Odò ìyá ìyá mi.
Rọra tẹ̀ ẹ́.
Ìrókò lápá ọ̀tún.
Rọra tẹ̀ ẹ́.

Ìyá gba orin lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sápá ọ̀tún. Ó ń kọrin, ó ń lọ. Kò pẹ́, òórùn omi dé.

Akínlàbí sáré kó sómi, ó ń lọ síbi jíjìn. Ìyá fẹ́ pè é.

"Àdùbí! Rárá o. Ọkọ Àdùbí! Rárá o. Ìwọ... ìwọ yìí... Akínlàbí! Padà wá síbí!"

Àdùbí ò pariwo. Ó dúró de orúkọ náà títí ó fi dé. Ẹ̀rín pa á títí omi fi kó sí i nímú.

Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà fi ń pe orúkọ gbogbo ará ilé kó tó kan ẹni tó ń pè. Afárá kan ló já, ọ̀rọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹ má já a gbà lẹ́nu wọn. Ó ń bọ̀.

Bí mo bá purọ́ fún yín, kí ìjàlọ bù mí ṣán láhọ́n.