Irun Tí Kò Hù Nínú Abọ́

Onímọ̀ kan wà tó jẹ́ pé awọ eku ló ń ṣe ìwádìí lé lórí. Omi gbígbóná dà sí ọmọbìnrin rẹ̀, Fadérera, lórí nígbà tó wà ní kékeré. Ojú egbò náà jinná, awọ bò ó, ó ń dán, ṣùgbọ́n irun kọ̀, kò hù níbẹ̀ mọ́. Ọmọ náà di ọlọ́mọge, síbẹ̀ gèlè kì í kúrò lórí rẹ̀, ìbáà ṣe nínú ilé. Ọ̀rọ̀ yìí dun bàbá rẹ̀ wọra. Ó ní bí òun bá lè mú irun eku hù nínú abọ́, a jẹ́ pé ọ̀nà ti là fún orí ọmọ òun nìyẹn.

Ó bá múṣẹ́ ṣe. Ó ń ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì òkè awọ, àwọn tí irun ń ti ara wọn jáde. Bí àwọn ti abẹ́ awọ bá bá wọn wá, á fọ̀ wọ́n dànù bí ẹni ń fọ iyanrìn kúrò nínú ẹ̀wà. "Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí tèmi ráyè!" Ó fún àwọn tó ṣà ní oúnjẹ, ó fún wọn ní ooru. Wọ́n pọ̀ sí i, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ bí awọ lóòótọ́. Irun ńkọ́? Ẹyọ kan kò yọjú. Ó tún wọn fọ̀, ó tún wọn ṣà, pàbó ló ń já sí.

Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá bá a níbi iṣẹ́, ó bá a tó káwọ́ lérí. Ó rò ó fún un. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Fadérera! Ẹ lé àwọn àbúrò mi kúrò nílé, ẹ ní ariwo wọn pọ̀. Ẹ dá màmá tó bí yín gan-an padà sábúlé. Ó wá kan sẹ́ẹ̀lì! Ta ni ẹ wá fẹ́ kó sọ fún wọn pé irun ni kí wọ́n ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lára. Kò tilẹ̀ ṣí oúnjẹ wò. Ó mú àwọn sẹ́ẹ̀lì abẹ́ awọ tó fẹ́ dà nù, ó tẹ́ wọn sábẹ́ àwọn ti òkè, ó dé abọ́ náà, ó ń retí.

Nígbà tó yá, ó fi awò tí ń sọ kékeré di ńlá wò ó. Yéè! Awọ ti ń lọ́ wọnú níhìn-ín, ó ń lọ́ wọnú lọ́hùn-ún. Ihò irun ni! Àwọn ará abẹ́ awọ ti kóra jọ sí ìdí ihò kọ̀ọ̀kan bí àwọn ìyá tó yí aboyún tó ń rọbí ká. Wọ́n ń ránṣẹ́ sókè, òkè náà ń dá wọn lóhùn. Kò pẹ́ kò jìnnà, irun yọrí!

Ọkùnrin náà sáré jáde, ó ń fò sókè bí ọmọdé. "Ó hù o! Fadérera, ó hù!" Ó mọ̀ pé ti eku ni, pé ọ̀nà ṣì jìn kó tó kan orí ènìyàn, síbẹ̀ omi ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò kọ́kọ́ lọ sílé. Abúlé ló wa mọ́tò rẹ̀ gbà, ó lọ gbé ìyá rẹ̀.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí ńkọ́? O ní ẹbí kankan kò gbọdọ̀ tẹ ilé rẹ, kí wọ́n má bàa ba ọmọ rẹ jẹ́. Ilé rẹ mọ́, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọmọ náà ti ń ròyìn, òun kò tíì pe "màmá". O gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà ní etí rẹ̀ pé, ahọ́n rẹ̀ pé. Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀? Jọ̀wọ́, dìde. Ìyá ìyàwó rẹ ti ń kan géètì láti àárọ̀.