Orúnkún Àyọ̀ká

"Bí ẹ bá ń yin ọmọ fún ìkúnlẹ̀, ẹ bi orúnkún rẹ̀ léèrè." Gbogbo wa la mọ òwe yìí pa, ṣùgbọ́n ta ló mọ orúnkún tí wọ́n kọ́kọ́ bi?

Orúnkún Àyọ̀ká ni, ọmọ ọdún méjìlá kan ní abúlé Òkè-Ìgbá. Bí Àyọ̀ká bá kúnlẹ̀ kí àgbà, á dìde, á tún kúnlẹ̀, á tún dìde, títí àárẹ̀ á fi mú un. Inú àwọn àgbà ń dùn. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé ti wọ ọmọ yìí dé egungun. Àwọn ìyá yòókù sì ń na ọmọ tiwọn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà máa ń bí mi nínú, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ni Baálẹ̀ bá ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Ó dé lásìkò oúnjẹ, wọ́n sì gbé iyán síwájú rẹ̀. Àyọ̀ká kúnlẹ̀.

"Wàá dàgbà," ni Baálẹ̀ wí.

Ó tún kúnlẹ̀.

"Wàá gbó, wàá tọ́."

Nígbà tó fi di ìgbà kejìlá, iyán ti tutù, àdúrà ti tán lẹ́nu Baálẹ̀, ó ti ń ṣàdúrà fún ewúrẹ́ inú ilé.

Ìyá àgbà Àyọ̀ká nìkan ló rí i pé orúnkún ọmọ náà ti bó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí orúnkún méjèèjì: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló ń lé yín?"

Àyọ̀ká bú sẹ́kún. "Orúnkún mi ní bí tòsì kò bá kanlẹ̀ bíi tọ̀tún, ìyá mi á kú. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà."

"Ọpọlọ ọmọdé, ògiri tútù ni, ó ṣì ń gbẹ lọ́wọ́. Kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí a jọ dúró wò ó."

Àyọ̀ká kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Gbogbo ojú yí sí ìyá rẹ̀ tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ni ata bá há obìnrin náà lọ́fun. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ti fẹ́ kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà di ọwọ́ Àyọ̀ká mú gírígírí.

Ìyá Àyọ̀ká mumi, ó nu ojú. "Kí ni gbogbo yín ń wò lára mi?"

Kò tán lọ́jọ́ náà. Ó tó oṣù mélòó kan kí Àyọ̀ká tó lè kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí nígbà tí gbogbo ayé bá ń yin ẹnìkan fún ìwà kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í bóyá ìwà náà ń dùn ún. Àyọ̀ká alára di arúgbó. Bí ọmọdé bá kúnlẹ̀ kí i lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣàdúrà mọ́, á ní kí ó wá jókòó ti òun.