Ìlẹ̀kẹ̀ Àdùkẹ́

"Ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

Èsì tí Láṣebíkan fún Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí ìyẹn ní kí wọ́n háyà ọ̀kadà tuntun lọ síbi ìkómọ ọmọ-ọmọ wọn. Ìbídùn gun ògbólógbòó ọ̀kadà ọkọ rẹ̀ tìbínú-tìbínú. Ọkọ ń nù ún lójoojúmọ́ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ó tún sọ ọ́ ní Àdùkẹ́!

Láàárín òkè, ọ̀kadà kú pátápátá. Oyin ìkómọ sì rèé lọ́wọ́ Ìbídùn, ìyá àgbà ọmọ.

"Ṣé mi ò sọ fún yín?" Ìbídùn fẹ́ sunkún.

Láṣebíkan ò bínú. Ó dẹ ọ̀kadà sí ẹ̀gbẹ́ òsì díẹ̀ kí epo lè rọ́nà, ó ń fọwọ́ pa á lára: "Àdùkẹ́, má dójú tì mí lójú ìyáálé rẹ." Ó ta á nípàá, ó sì jí gìrì.

Wọ́n débẹ̀, ẹní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́. Kí Ìbídùn tó gbé oyin wọlé, ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà.

"Orogún mi, gba tìrẹ. Ṣùgbọ́n tá a bá ń padà lọ, má tún kú sórí òkè o."