Bí Ikán Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Jẹ Òpó Ilé

Nígbà láéláé, kí ènìyàn kankan tó dé ilẹ̀ òdìkejì òkun tí à ń pè ní Amẹ́ríkà lónìí, àwọn ẹranko ló ń ṣèlú níbẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ikán kì í fẹnu kan igi. Koríko gbígbẹ ni wọ́n ń jẹ, ilé mímọ sì ni iṣẹ́ wọn. Kò sí ẹranko kan tó ń sùn lábẹ́ òrùlé tí kì í ṣe ikán ló mọ ògiri rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni ìlú náà máa ń yan olórí. Ẹni méjì péré ló sì máa ń du oyè náà, Erin àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bí ọ̀kan bá sọ̀kalẹ̀, èkejì á gorí oyè. Wọ́n máa ń bú ara wọn ní gbangba débi pé ẹ̀gbọ́n á bá àbúrò jà nítorí wọn.

Ọlọ́rọ̀ ìlú ni Ọ̀kẹ́tẹ́. Igi kan wà láàárín ìlú tí èèpo rẹ̀ ń wo ọgbẹ́ sàn. Ẹni tó bá farapa á kàn lọ bó o ni. Nígbà tó yá, Ọ̀kẹ́tẹ́ ṣọgbà yí igi náà ká, ó ní tòun ni. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ èèpo, kó kọ́kọ́ kó ìkórè oko rẹ̀ wá. Olórí ìlú gbọ́, ó sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kẹ́tẹ́ wá gba àwọn ikán síṣẹ́ láti mọ ilé gogoro kan fún un, oúnjẹ òòjọ́ sì ni owó iṣẹ́ wọn. Ìyá kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró wà lára wọn, òun àti Àkànkẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àwọn ikán ní ó yẹ kí ògiri ìsàlẹ̀ gbẹ kí àwọn tó mọ òmíràn lé e. Ọ̀kẹ́tẹ́ ní òun kò ní ọjọ́ tí òun á fi ṣòfò. Ní ọjọ́ kẹta, ògiri tútù náà ya lu Àkànkẹ́, ó sì fọ́ ọ lẹ́yìn.

Àwẹ̀ró sáré lọ síbi ọgbà, ó bẹ Ọ̀kẹ́tẹ́ fún èèpo díẹ̀. Ọ̀kẹ́tẹ́ bi í pé ìkórè rẹ̀ dà. Àwẹ̀ró ní òun kò ní oko, ilé rẹ̀ ni òun ń mọ láti àárọ̀ dalẹ́, ògiri rẹ̀ ló sì wó lu ọmọ òun. Ọ̀kẹ́tẹ́ ní ẹlòmíràn ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó fẹ́ iṣẹ́ ọmọ náà.

Àwẹ̀ró gba ọ̀dọ̀ Erin lọ, torí òun ló wà lórí oyè. Erin ní bí gbogbo ẹni tó farapa bá ń gba èèpo lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀lẹ ni yóò kún ìlú.

Ó lọ sọ́dọ̀ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìyẹn sunkún, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní ìkà ni Erin. Ó ní kó ṣe sùúrù, bí òun bá padà sórí oyè, òun á yan ìgbìmọ̀ tí yóò jíròrò lórí ọ̀rọ̀ ọgbà náà.

Àwẹ̀ró wò ó lójú. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà lórí oyè lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ọgbà náà.”

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní wọ́n ń retí òun níbì kan.

Bí Àwẹ̀ró ti ń padà lọ, ó gba ẹ̀yìn ilé Ọ̀kẹ́tẹ́ kọjá. Ó rí Erin àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹ nínú àwo kan náà, Ọ̀kẹ́tẹ́ ń bù ún fún wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi délé, Àkànkẹ́ ti kú.

Àwọn ikán sin ín lọ́jọ́ kejì. Ilẹ̀ ibojì kò tíì gbẹ tí Ọ̀kẹ́tẹ́ fi ránṣẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n fi sìnkú, kò sí oúnjẹ fún wọn.

Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó pe gbogbo ikán jọ.

“Bí a bá pariwo, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wá pa,” ó ní. “Nítorí náà, ẹ má pariwo. Àwa la mọ ilé wọn, a mọ ibi tó ti rọ̀. Inú òpó la máa gbà wọlé.”

Òun ló kọ́kọ́ gé igi jẹ. Ó korò, ó sì le, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Àwọn yòókù bá a jẹ ẹ́. Wọ́n ń fi ẹrẹ̀ bo ọ̀nà wọn bí wọ́n ti ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn.

Nígbà tí ọdún ìyànsípò pé, Erin àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró sí iwájú ilé Ọ̀kẹ́tẹ́, wọ́n tún ń bú ara wọn fún aráàlú gbọ́. Àárín èébú yẹn ni òpó ti dún. Gbogbo ilé náà wó palẹ̀ lẹ́yìn wọn, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọ̀kẹ́tẹ́ sá jáde pẹ̀lú ìwọ̀nba ọkà tí ẹnu rẹ̀ gbà, ó sì wọ inú ihò lọ. Àwọn aráàlú fa ọgbà rẹ̀ ya. Àwẹ̀ró bó èèpo igi náà, ó sì pín in fún gbogbo ẹni tó ní ọgbẹ́, kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀kẹ́tẹ́ ti ń gbé inú ihò. Láti ọjọ́ náà ni ikán ti ń jẹ igi láti inú, tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ohùn wọn. Bí o bá kan òpó ilé rẹ, tó sì dún bí agbè òfìfo, wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́.